Owó Tí Wọ́n Ń Gbà Lọ́wọ́ Awakọ̀, Àpò Àgbẹ̀ Ni Ó Ti Ń Jáde

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn awakọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, pé kò kan òun tí ó ń fi ọkọ́ àti àdá jẹun, kí ó jọ̀wọ́ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Nígbà tí ó bá kà á tán, yóò rí i pé àpò òun gan-an ni a ń sọ.

Ní gbogbo ìgbà ìkórè ni a máa ń gbọ́ ẹjọ́ kan náà. Àgbẹ̀ yóò kó iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ dé etí títì, alájàpá yóò sì dá owó tí kò tó nǹkan lé e. Àgbẹ̀ yóò bínú, yóò wí pé olè ni alájàpá. Alájàpá yóò búra pé òun kò jèrè, pé owó ọkọ̀ ni ó gun òkè. Ọlọ́kọ̀ yóò wí pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òun, pé kí wọ́n lọ bi àwọn tí ó dúró sí ojú ọ̀nà. Àwọn tí ó dúró sí ojú ọ̀nà kì í sì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń já. Báyìí ni àwa ará ilé kan náà ṣe ń bá ara wa jà, tí ẹni tí ó kó wa ní ẹrù ń rẹ́rìn-ín lóde.

Àwa wí, a sì tún un wí, pé owó tí wọ́n ń gbà ní ìdínà kì í ṣe owó awakọ̀. Owó àgbẹ̀ ni. Awakọ̀ kàn ń bá àgbẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ni.

ORÍ ÈNÌYÀN NI ỌKỌ̀ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní Ìsẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀, àgbà agbẹ́gilére tí ó kú ní 1938, ti ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀. Òun kan náà ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ̀rẹ́. Ilẹ̀kùn náà kò sí ní Ìkẹ̀rẹ́ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ibi àfihàn ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, inú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì wà di òní. Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sí ara rẹ̀ ni bí Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Òyìnbó, ṣe wá kí Ògògà. Ní apá kan, ọba jókòó pẹ̀lú àwọn olorì rẹ̀. Ní apá kejì, Òyìnbó jókòó sórí àga tí ènìyàn gbé, àwọn aláàárù sì ń ru ẹrù tẹ̀ lé e.

Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ohun tí ojú rí. Kí mọ́tò tó dé, orí ènìyàn ni ọkọ̀ ilẹ̀ wa. Orí ni ó gbé kòkó, orí ni ó gbé ekùrọ́, orí ni ó gbé iyọ̀ padà wálé. Nígbà tí ìjọba Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, kò yà sí Èkìtì. Títí di òní olónìí kò tí ì yà. Rélùwéè tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní June 2021, ẹni tí ó gun orí òkè Olósùnta kò lè gbọ́ fèrè rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí bọ́lẹkájà dé ilẹ̀ wa, òun ni rélùwéè wa. Òun ni ó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí àwọn ìyá wa.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn bàbá yín mọ ohun tí ìjọba Òyìnbó ṣe lẹ́yìn èyí. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí wọ́n rí i pé ẹrù ń fi rélùwéè sílẹ̀ bọ́ sínú mọ́tò, wọ́n gbé owó láísẹ́ǹsì gọbọi lé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń bá rélùwéè du ọ̀nà, kí ó lè sú àwọn ọlọ́kọ̀. Ta ni ó dìde? Àwọn onímọ́tò tìkara wọn ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìkẹ́nnẹ́ wà nínú wọn, tí ń ra kòkó, tí ó sì ń fi ọkọ̀ ṣòwò, tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Nàìjíríà: Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Kí ó tó di Olórí Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní 1954, ó ti mọ bí táyà ṣe ń jò àti bí owó láísẹ́ǹsì ṣe ń gé èrè.

A sọ èyí nítorí pé inú ìjà bẹ́ẹ̀ ni òṣèlú wa ti jáde. Àwọn àgbà wa kò bá Òyìnbó jà kí a lè lé e lọ tán kí àwa náà wá gbé pákó oníṣòó dí ọ̀nà mọ́ ara wa. Ohun tí ó burú lọ́wọ́ Òyìnbó kò lè di rere nítorí pé ọmọ Yorùbá ni ó ń ṣe é.

Ẹ JẸ́ KÍ A TẸ̀ LÉ ỌKỌ̀ KAN

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ọkọ̀ kan tí ó kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ìsẹ̀, tí ó ń gba Ìkẹ̀rẹ́, Àkúrẹ́, Oǹdó àti Òrè lọ sí Èkó. A kò ní dárúkọ ọlọ́kọ̀, a kò sì ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kankan, nítorí pé ohun tí àwọn awakọ̀ ń ròyìn fún wa kò yàtọ̀ láti ẹnu ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíràn.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní gárèèjì, awakọ̀ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì òwúrọ̀, ó ti san owó ẹgbẹ́, ó sì ti san owó àwọn tí ó kó ẹrù. Èyí kò burú. Gárèèjì ní olùtọ́jú, ẹni tí ó sì ṣiṣẹ́ yẹ kí ó jẹun. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò tí ì rìn jìnnà tí àwọn géńdé mẹ́ta fi jáde láti abẹ́ àtíbàbà. Ọ̀kan di okùn mú, èkejì gbé pákó tí a kan ìṣó mọ́ sí iwájú táyà, ẹ̀kẹta mú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Wọ́n ní owó ẹrù oko ni. Ó san án. Ó dé ẹnu ààlà, àwọn mìíràn tún dúró: owó rédíò ọkọ̀ ni tiwọn. Awakọ̀ ní ọkọ̀ òun kò ní rédíò. Wọ́n ní ihò tí a ń ki rédíò bọ̀ wà níbẹ̀. Ó tún san án. Ní ìlú tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ó san owó pé ó gba ìlú àwọn kọjá. Níwájú sí i, ó pàdé àwọn tí ó wọ aṣọ ìjọba. Àwọn wọ̀nyí kì í já tíkẹ́ẹ̀tì rárá; ọwọ́ ni wọ́n ń nà.

Bí awakọ̀ bá jiyàn, wọn yóò ní kí ó já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n mọ̀ pé kò ní já a. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í dúró de ẹjọ́. Wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó yẹ kí ó dé ọjà ní tútù ti ń pọ́n, tòmátì ti ń ṣomi. Nítorí náà awakọ̀ a san án, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúpẹ́. Ìwé àlẹ̀mọ́ ti kún gíláàsì iwájú ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láàárín wọn ni ó ti ń yọjú wo ọ̀nà.

KÍ NI ÒFIN WÍ?

Àwọn tí ń gba owó yìí máa ń wí pé ìjọba ni ó rán àwọn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìjọba kọ sílẹ̀. Ní 1998, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tí ó to gbogbo owó orí àti owó òde lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sọ èyí tí ìjọba àpapọ̀ lè gbà, èyí tí ìpínlẹ̀ lè gbà àti èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà.

Lápá ti ìjọba ìbílẹ̀, òfin náà yọ̀ǹda owó gárèèjì. A gbà bẹ́ẹ̀. Ó yọ̀ǹda owó lórí kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bárò. Ṣùgbọ́n ó yọ ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ́ńjìnnì ń gbé rìn sílẹ̀ kedere. Ó mẹ́nu kan owó rédíò ọkọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ tí a ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ nìkan ni ó lè gbà á. Ó tọ́ nígbà náà kí a béèrè: ọkọ̀ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkìtì, kí ni ó pa á pọ̀ mọ́ agbowó-rédíò ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta mìíràn?

Gbólóhùn tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú òfin náà ni èyí: kò sí ẹnikẹ́ni, kódà kò sí òṣìṣẹ́ agbowó-òde ìjọba, tí a gbà láyè láti gbé ìdínà kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà ní ibikíbi ní Nàìjíríà nítorí àtigba owó òde. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tí ó rán an, yóò san ìtanràn ₦50,000, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kí ó gba méjèèjì. Láti 1998 ni a ti kọ èyí sílẹ̀. Ẹ wá wo ojú ọ̀nà, kí ẹ sọ fún wa bóyá òfin ni ó ń jọba níbẹ̀ tàbí pákó oníṣòó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọlọ́pàá. Ní 2012, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ìdínà kúrò lójú ọ̀nà káàkiri orílẹ̀-èdè. Fún ìgbà díẹ̀, ọ̀nà là. Lẹ́yìn náà, igi padà, àgbá padà, àpò iyanrìn padà. Àṣẹ tí kò ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ dàbí ọgbà tí kò ní ilẹ̀kùn.

TA NI Ó SAN ÁN?

Ìbéèrè tí ó kan àgbẹ̀ gan-an nìyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, kí olúkúlùkù fi iye tí òun mọ̀ sí ipò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan kó iṣu 1,000. Ká ní ibi 20 ni wọ́n ti dá a dúró, tí ó sì fi ₦2,000 sílẹ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan. ₦40,000 nìyẹn. Bí a bá pín in sórí iṣu, ó di ₦40 lórí iṣu kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ tí ó ní iṣu 500 nínú ẹrù náà ti san ₦20,000. Kò dé ìdínà kankan, kò rí géńdé kankan, kò sì gba tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

Ẹnì kan lè wí pé ará Èkó tí ó ra iṣu jẹ ni yóò san án. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ ni, à bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọjà Mile 12 kì í béèrè iye tí a gbà lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Iṣu Bẹ́núè wà níbẹ̀, iṣu láti ilẹ̀ mìíràn wà níbẹ̀, iye tí ọjà bá dá ni alájàpá yóò tà á. Kò lè fi owó ìdínà kún un, nítorí náà àgbẹ̀ ni ó ń yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀. Àgbẹ̀ kò sì lè wí pé òun yóò dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun dúró di oṣù tí ń bọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì, ajílẹ̀, iyọ̀ àti páànù, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ní ìgbà yìí, ọlọ́jà fi owó ìdínà kún ọjà, nítorí ó mọ̀ pé ará Ìsẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà rà á. Àgbẹ̀ san án nígbà tí ẹrù ń jáde, àgbẹ̀ tún san án nígbà tí ẹrù ń wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń bó ewúrẹ́ kan náà.

ẸRÙ TÍ Ó TI ÒKÈ WÁ ÀTI ẸRÙ TÍ A DÌ FÚN ARA WA

A mọ̀ pé ìdínà nìkan kọ́ ni ìṣòro onímọ́tò. Kí ó tó di 29 May 2023 tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé ìrànlọ́wọ́ orí epo ti dópin, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀. Nígbà tí 2024 fi ń parí lọ, ó ti kọjá ₦1,000. Láàárín àkókò kan náà, dọ́là tí kò tó ₦500 lọ́wọ́ báńkì ti kọjá ₦1,500, bẹ́ẹ̀ ni òkè òkun ni táyà àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun èlò ọkọ̀ ti ń wá. Ọlọ́kọ̀ tí ó ń pààrọ̀ táyà méjì lẹ́ẹ̀kan ti ń pààrọ̀ ẹyọ kan, ó sì ń fi àdúrà rọ́pò èkejì.

Ní Adó, wọ́n kọ́ pápákọ̀ òfuurufú fún ẹrù oko, ọkọ̀ òfuurufú sì ti balẹ̀ síbẹ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu kì í ti inú ebè fò dé pápákọ̀. Ọ̀nà oko ni yóò kọ́kọ́ gbà, bí ọ̀nà oko bá sì jẹ́ ẹrẹ̀ láti May dé October, ẹyẹ irin yóò dúró de iṣu títí.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí a kò lè fò dá. Ní January 2024, ní agbègbè Emùré, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé dúró, wọ́n kó àwọn ọmọ, àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn lọ sínú igbó. Ní February, àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ padà wá sílé. Awakọ̀ kò padà wá láàyè. Àwa ń béèrè ní gbangba: nínú gbogbo àwọn tí ń dá ọkọ̀ dúró ní ọ̀sán gangan lójú ọ̀nà wa, mélòó ni ó wà ní ojú ọ̀nà ní ọjọ́ náà? Agbowó pọ̀ lójú pópó; aláàbò ni ó ṣọ̀wọ́n.

Owó epo àti owó dọ́là, Abuja ni wọ́n ti wá. Káńsílọ̀ Ìsẹ̀ kò lè wò wọ́n sàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa níhìn-ín ni ó so okùn mọ́ igi, ọwọ́ wa níhìn-ín ni ó sì lè tú u. Kì í gba bílíọ̀nù náírà kan. Kò gba kí a lọ bẹ ẹnikẹ́ni ní Abuja.

ÀWỌN ÈSÌ TÍ WỌN YÓÒ FÚN WA

Àwọn kan yóò wí pé ìjọba ìbílẹ̀ kò ní owó mìíràn. Àwa kò wí pé kí wọ́n má gba owó òde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ ohun tí Jòhánù Onítẹ̀bọmi sọ fún àwọn agbowó-òde: kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má gbà kọjá èyí tí a fi lélẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti dájọ́ ní 11 July 2024 pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti inú àpò àpapọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Kí wọ́n di ìdájọ́ náà mú, kí wọ́n béèrè ẹ̀tọ́ wọn níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kí wọ́n fi ìwé hàn wá: nínú owó tí wọ́n gbà lábẹ́ àtíbàbà, mélòó ni ó dé inú àpò káńsílọ̀? Ihò ọ̀nà mélòó ni wọ́n fi dí?

Àwọn mìíràn yóò wí pé awakọ̀ gan-an ni oníbàjẹ́: ó ń di ẹrù rékọjá, ó ń mu paraga ní gárèèjì, ó ń fi táyà tí ó ti pá rìn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àwa kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Láàárín 1958 sí 1960, ní Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń mú ọkọ̀ akẹ́rù rìn lọ rìn bọ̀ lórí ọ̀nà àdánwò. Wọ́n rí i pé bí ìwúwo tí ó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe fún ọ̀nà lè di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹni tí ó di gẹdú tàbí iṣu rékọjá ń fọ́ ọ̀nà tí yóò fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́la.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ó ń mú un di ẹrù rékọjá. Owó ìdínà kì í wo ìwúwo. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí ó kó ìdajì àti ọkọ̀ tí ó kó àkúnwọ́sílẹ̀. Awakọ̀ rí i pé bí òun bá kó ìwọ̀nba, òun yóò jẹ gbèsè. Ó tún di ìdá mẹ́ta sí i kí owó ìdínà lè fọ́n ká. Nígbà tí ó bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yẹ kí ó dá a padà nítorí àkúnwọ́sílẹ̀, ó na owó sí i, ó kọjá. Ìdínà kan náà tí wọ́n ní ó wà láti tọ́ awakọ̀ sọ́nà ni ó kọ́ ọ ní ìwà náà, ni ó sì tún ta ìdáríjì fún un.

Èsì kẹta ni ó le jù, nítorí inú ilé wa ni ó ti ń wá. Wọn yóò wí pé àwọn ọmọkùnrin tí ń já tíkẹ́ẹ̀tì yìí, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n. Pé wọ́n ṣiṣẹ́ nígbà ìdìbò, pé tíkẹ́ẹ̀tì ni èrè wọn. A mọ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí yóò ka ìwé yìí ni ó fi wọ́n síbẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹgbẹ́ tí ó ń fi ẹnu gbèjà àgbẹ̀ ní pápá ìpàdé, tí ó sì ń fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tú àpò àgbẹ̀ ní ojú ọ̀nà, kò ní pẹ́ tí àgbẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wá iṣẹ́ gidi fún àwọn ọmọ náà. Ẹ gbà wọ́n sí iṣẹ́ dídí ihò ọ̀nà, kí ẹ san owó oṣù fún wọn nínú owó gárèèjì tí òfin yọ̀ǹda. Ọmọ tí ó gbé pákó oníṣòó lónìí lè gbé ṣọ́bìrì lọ́la, ojú kò sì ní tì í níwájú ìyá rẹ̀ tí ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Nítorí náà, àwa ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, a kò sì ní sinmi títí a ó fi rí wọn:

1. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ gbogbo owó tí òfin yọ̀ǹda fún un, pẹ̀lú iye rẹ̀, sára pátákó ní gárèèjì, ní èdè Yorùbá. Owó tí kò bá sí lára pátákó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe san án.

2. Kí a máa gba owó nínú gárèèjì nìkan. Tíkẹ́ẹ̀tì kan tí a gbà ní òwúrọ̀, kí ó tó fún gbogbo ọjọ́ náà jákèjádò ìpínlẹ̀ Èkìtì.

3. Kí a kó okùn, igi àti pákó oníṣòó kúrò lójú ọ̀nà, kí a sì gbé ẹni tí ó bá dá wọn padà lọ sí ilé ẹjọ́, òun àti ẹni tí ó rán an.

4. Kí a tún ọ̀nà Ìkẹ̀rẹ́ sí Ìsẹ̀, ọ̀nà Ìsẹ̀ sí Emùré àti àwọn ọ̀nà oko ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ ọ̀nà fúnni ní August, omi ni ó gbé e fún.

5. Kí àwọn agbófinró máa rìn káàkiri ojú ọ̀nà ní òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ̀rù ń bani, dípò kí wọ́n jókòó sí ibì kan ní ọ̀sán.

6. Kí ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò fúnra wọn dá ọkọ̀ tí ó bá di ẹrù rékọjá dúró ní gárèèjì, kí wọ́n sì lé àwọn tí ń ta paraga jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún awakọ̀ nìkan. Nígbà tí ẹ bá kó ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bí ó bá padà dé: níbo ni wọ́n ti dá a dúró, ní ọjọ́ wo, èélòó ni wọ́n gbà, ṣé wọ́n fún un ní ìwé? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín. Nígbà tí káńsílọ̀ bá wá béèrè ìbò, ẹ ka ìwé náà sí i létí ní gbangba, kí ó dáhùn lójú gbogbo ìlú. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ pa tíkẹ́ẹ̀tì yín mọ́. Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù sí ojú ọ̀nà. Ẹ̀rí ni.

Àìrìn pọ̀ ni ejò fi ń jìyà. Nígbà tí àgbẹ̀ ń pe awakọ̀ ní olè, tí awakọ̀ ń pe alájàpá ní ọ̀kánjúwà, okùn kò ní kúrò lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó pọ̀, tí wọ́n ka tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀, tí wọ́n sì rìn pọ̀ lọ sí ọ́fíìsì káńsílọ̀, a ó mọ ẹni tí yóò tún jẹ́wọ́ pé òun ni ó rán wọn.

Mọ́tò sọ ẹrù kalẹ̀ lórí àwọn bàbá wa. Àwa kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni tún un dì, kí ó sì gbé e padà sí orí wa ní ìdínà.